Ẹyin Ere Nínú Ilé Ìdáná Màmá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjàyè, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe tẹ́ǹtẹ́ǹ lábẹ́ igi máńgòrò, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí ẹyin ere padà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ere, ejò ńlá tó máa ń wé mọ́ ẹran títí ẹran ó fi kú. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, bàbá mi lẹ bá wí.

Bàbá mi ti lọ kọ́ nípa ọ̀sìn adìyẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì n'Íbàdàn. Kóòtù funfun kan ni wọ́n gbé bọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í fọwọ́ kan ẹyin láìwọ kóòtù yìí, ìbáà ṣe ẹyin tí a fẹ́ dín. Nígbà tí àwọn ọdẹ pa ere kan lóko wa, tí wọ́n pín ẹran, ẹyin méje tí wọ́n bá nínú ihò ni bàbá mi gbà. Wọ́n ní ẹyin kan ò ju ẹyin kan lọ. Ẹni tó bá mọ ti adìyẹ ti mọ gbogbo rẹ̀.

A kó wọn sínú páálí ọṣẹ, a fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ, a gbé e sí ìdí ààrò níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi èédú sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ èyí tí mo ti yí, bí adìyẹ ṣe ń yí tirẹ̀. Bàbá mi ní èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, tèmi ni. Mo ti sọ ọ́ ní Adúmáadán.

Ṣùgbọ́n màmá mi, tí í ṣe ọmọ ọdẹ, ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ọjọ́ tí ọ̀kan bá jáde nínú wọn, ilé bàbá mi ni mò ń lọ." Wọ́n di ẹrù, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkàn mi pín sí méjì: mo fẹ́ Adúmáadán, mo sì fẹ́ màmá mi. Nírọ̀lẹ́ mìíràn, mo máa ń díbọ́n pé mo gbàgbé. Bàbá mi á ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè, kí n kọjú sógiri, bí òórùn àkàrà bá tiẹ̀ gba gbogbo ilé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, màmá mi fúnra wọn ló wá ń rán mi létí. "Àṣàkẹ́, o ti yí ẹyin bàbá ẹ? Yí i dáadáa o, kó yí délẹ̀!" Inú bàbá mi dùn. Wọ́n ní ìmọ̀ ti ń ràn nínú ilé. Bí ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣe kúrò níbẹ̀, n ò mọ̀. Mo kàn rí ìró inú rẹ̀ nídìí màmá mi ni.

Bàbá Ràṣídì, ará ilé kejì, kì í kọjá láìdúró. "Bàbá Ẹyin, tí wọ́n bá pamọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiwa ṣe sàráà o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nǹkan ń họ nínú páálí. Bàbá Ràṣídì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá mi ń wá kóòtù. Èmi di ìró màmá mi mú, mo ń sunkún pé kí wọ́n má lọ. Gàrí ni wọ́n ń yan, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ wo abẹ́ koríko yẹn dáadáa." Aláǹgbá ni.

Nígbà tó yá, ẹyin méjèèje rọ̀ wọlé, wọ́n ń rùn. Bàbá mi ní ọyẹ́ ló pa wọ́n. Mo sunkún Adúmáadán, mo jẹ ẹ̀bà yó.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní kóòtù ló ní ìmọ̀. Lónìí, inú fóònù ló wà, àwọn ọmọ wa ò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ọmọ mi kà á sí wa létí pé ejò kì í yí ẹyin rẹ̀. Bí èèyàn bá ń yí i, ọmọ inú rẹ̀ á kú.

Mo wo màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. "Màmá, ẹ mọ̀?"

Wọ́n wo bàbá mi tó ń sùn lórí àga, fìlà bojú. Wọ́n ju òkúta kan nù.

"Rọra sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ọyẹ́ ló pa wọ́n."