Ohun Tí Apá Bàbá Mi Sọ

Láyé ìjọba ṣọ́jà, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú máa ṣúnwó ná, kò síṣẹ́ fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé. Mo rí ibi iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀n, ṣùgbọ́n nílé wa ní Ẹdẹ, ọmọ kì í rin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má yọ̀ǹda. Àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti gba ohùn àti ọwọ́ bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ káfíńtà. Ojú wọn ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀, a ò lè fi mọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohùn wọn ń wù mí gbọ́, kódà kó jẹ́ pé wọ́n ń bú mi.

Ní poli, wọ́n kọ́ wa pé bí iṣan bá fẹ́ ṣiṣẹ́, iná mànàmáná tín-ín-rín kan máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ọwọ́ ò tiẹ̀ gbéra. Mo fi ẹ̀yà rédíò àtijọ́ ṣe ohun tó lè gba iná náà, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn. A kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú rẹ̀: LỌ àti DÚRÓ. Àmì kékeré kan ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Bí Bàbá bá mú iṣan apá wọn le, àmì náà kò ní kúrò níbi tó wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ mi gbé kọ̀ǹpútà wá. Mo fi aṣọ di kọ́bọ̀ onírin méjì mọ́ apá Bàbá, mo sì so wáyà mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ di ayùn mú."

Àmì náà kàn ń lọ, ó ń bọ̀.

"Injinníà," ọ̀rẹ́ mi ní, "àbí wọ́n ń bá ọ yan odì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé iṣan náà ti kú. Mo fọwọ́ kan apá wọn, ó ń yọ̀.

"Màmá, kí lẹ fi pa wọ́n lápá?"

"Òrí ni. Àràárọ̀ ni mò ń fi wọ́ ọ. Ṣé kí awọ ọkọ mi máa ya ni?"

Mo ṣàlàyé pé òrí náà ló dí iná lọ́nà. Màmá mú ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn wá láti fi fọ apá náà.

"Tó bá bó, ìwọ ni màá bá wí."

Nígbà tá a tún un dì, àmì náà dúró gbagidi. Bàbá tú apá sílẹ̀, àmì náà tún ń lọ. Mo wá bi wọ́n bóyá kí n lọ tàbí kí n dúró.

DÚRÓ ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ lọ o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí bàbá mi sọ pé òun ò lè ṣe kí òun má rí mi. Àmì náà kọjá lórí DÚRÓ. Ó bọ́ sórí LỌ, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo tún béèrè. LỌ náà ni.

"O ti gbọ́," Màmá ní. "Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ tú wáyà. Mo ní kó ní sùúrù díẹ̀. Mi ò ní ìbéèrè mìíràn. Mo kàn fẹ́ kí bàbá mi ṣì máa bá mi sọ̀rọ̀.