Ẹni Tó Di Aṣọ Fúnmi Mú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Kabba wa ṣì wà lábẹ́ Ìlọrin nínú ìpínlẹ̀ Kwara, kò sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé wa tó ju ìfura lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Bí ẹni tí o kò mọ̀ bá kí ọ, dá a lóhùn, ṣùgbọ́n má sún mọ́ ọn. Bí ó bá fún ọ ní àkàrà, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́, kí o sì gbé e wálé kí àgbà wò ó. Àkàrà tí àgbà bá ti wò kì í padà sọ́wọ́ ọmọdé mọ́, ìyẹn ni èmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn àgbà náà.

Ìyá tó bí ìyá mi ni olórí wa nínú iṣẹ́ yìí. Yèyé là ń pè é. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, ahunṣọ sì ni. Bí ó bá jókòó sídìí òfì rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára òwú, etí rẹ̀ wà lójú títì. "Ìfura loògùn àgbà" ni í fi í dáhùn ohun gbogbo, títí kan ìgbà tí a bá béèrè ìdí tó fi ń gbóòórùn ọbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sè.

Ọdún kan, mọ́tò tó gbé gbohùngbohùn sórí wọ ìlú, ó ń pariwo kiri. Wọ́n ní eré orin ńlá máa wáyé lórí pápá ilé-ìwé lọ́sàn-án Sátidé, àwọn olórin máa ti Ìlọrin wá, wọ́n máa ti Òkènè wá, ẹni tó lórúkọ jù lára wọn máa ti Ìbàdàn wá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí ló kọ́kọ́ kọ Yèyé lóminú. Ó ní, "Ẹni tó ń fi orin tọrẹ, kí ló fẹ́ gbà?"

Ẹ̀gbọ́n mi Fúnmi ní láti lọ. Àfẹ́sọ́nà Sálíù ni, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ìyárà, ìgbéyàwó wọn kò sì ju oṣù díẹ̀ mọ́. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wọn, ilé ìgbàgbọ́ ni tiwa, èyí kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú ní agbègbè wa. Sálíù wà lára àwọn tó ń kan pèpéle olórin, nítorí náà ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Àǹtí Ràfátù, ni yóò mú èmi àti Fúnmi lọ. Télọ̀ ni Àǹtí Ràfátù, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, kì í sọ̀rọ̀. Yèyé kò fẹ́ràn ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn àna á wà lórí pápá, ó ṣí àpótí, ó mú kíjìpá tí ó ti hun sílẹ̀ fún ìgbéyàwó Fúnmi jáde, ó ní kó ró o lọ, kí wọ́n rí ohun tí ọwọ́ ilé wa lè ṣe. Ìfura pọ̀ lára Yèyé, àmọ́ fáàrí náà ò kéré.

Ìmọ̀ràn tó wá fún wa lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ èyí tó dára jù ú fún ẹni tó ń lọ síbi eré gbangba nígbà àkọ́kọ́. Ó ní ká jẹ iyán yó kí a tó kúrò nílé, nítorí ẹni tó yó kì í wo ọwọ́ ọlọ́jà. Ká má mu kúnú ẹnikẹ́ni, ta ló mọ odò tí wọ́n ti pọn omi rẹ̀? Ká wọ bàtà onídè, kì í ṣe sílípáàsì, nítorí èrò á tẹ gìgísẹ̀ rẹ, wàá rìn lọ, bàtà á dúró. Ká má jókòó síwájú gbohùngbohùn, àfi bí a kò bá fẹ́ etí wa mọ́. Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a ó gbà jáde kí a tó wá ibi tí a ó jókòó sí. Bí a bá pínyà, kí kálukú lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀gá ilé-ìwé, kó má wá ẹnikẹ́ni kiri. Ó ní ẹni tó sọnù tó tún ń wá èèyàn, èèyàn méjì ló sọnù.

Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ká etí aṣọ yín sínú." Kò sí ọmọ tí kò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n ní àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gé etí aṣọ obìnrin láàárín èrò, pé ẹni tí ó bá ní etí aṣọ rẹ lọ́wọ́ lè so inú rẹ pa kí o má bímọ. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ki gbogbo etí yẹ̀rì mi bọ inú pátá.

Nígbà tí a dé pápá, oòrùn mú, eruku bo ojú ọ̀run, èéfín súyà ń jó wa lójú. Àwọn kan gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé, àwọn mìíràn gun orí lọ́rì. Àwa ò rí ibi jókòó, àfi ìgbà tí ìyá kan sún fún wa lórí ẹní rẹ̀. "Òkun o, ẹ̀yin ọmọ mi," ló fi kí wa, bí a ti ń kíra wa lágbègbè wa. Ó ní Ògìdì lòun ti wá. Ó bu omi inú kèrègbè rẹ̀ fún wa, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ó fọwọ́ pa aṣọ Fúnmi lára, ó ní, "Ọwọ́ ta rèé?" Fúnmi ní ọwọ́ ìyá àgbà òun ni. Ìyá náà mi orí títí. Inú wa dùn sí i. Ní ti Àǹtí Ràfátù, ó jókòó gbọnrangandan, ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lé itan, kò kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tí olórin Ìbàdàn jáde, gbogbo pápá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń tì wá síwá, wọ́n ń tì wá sẹ́yìn. Àǹtí Ràfátù wà lẹ́yìn Fúnmi, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó fi èkejì dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì jù wá sílẹ̀ títí orin fi parí. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ìyá Ògìdì ti ká ẹní rẹ̀ lọ.

A délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Yèyé gba aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Igun kan ti lọ lára rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ojú ibi tí wọ́n gé sì gún régé. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Yèyé kò sunkún. Ó ní, "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ, Fúnmi?" Fúnmi ò lè purọ́, ó ní Àǹtí Ràfátù ni, ẹni tó di aṣọ òun mú. "Kí ló wà nínú báàgì rẹ̀?" Àlùmọ́gàjí ni, kí ni ìbá tún wà nínú báàgì télọ̀? Yèyé ní, "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Kò sí ìgbéyàwó mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Sálíù wá bẹ̀bẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé ilé tó bá pe ọmọ òun ní àjẹ́, òun kò ní gba aya lọ́wọ́ wọn. Fúnmi kò jẹun dáadáa mọ́, ó ń rù. Mo máa ń gbọ́ ọ tí ó ń sunkún nídìí kànga, ó sì ń dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn Sálíù, òun ló kọ́ mi láti gun kẹ̀kẹ́. Àmọ́ èmi náà gbà pé Àǹtí Ràfátù ló ṣe é. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kí ló ń rò?

Ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni èmi àti Yèyé ń na ọjà Kabba lọ́jọ́ kan, tí Yèyé dúró lójijì níwájú àtẹ aláṣọ kan. Kíjìpá mẹ́ta wà níbẹ̀, ọnà kan náà ló wà lára wọn, ọnà Yèyé sì ni. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ rèé: nígbà tó ń hun aṣọ Fúnmi, òwú aró tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí igun tí wọ́n gé yẹn, ó sì fi òwú pupa dí ìlà kan. Ojú ń tì í nítorí ìlà yẹn, inú ló máa ń ṣẹ́ ẹ sí. Ìlà pupa náà wà lára aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yẹ̀ rárá.

"Àṣìṣe mi ni wọ́n ń tà yìí," Yèyé wí.

Mo gbójú sókè, mo rí ẹni tó ni àtẹ. Ìyá Ògìdì ni, ìyá ẹlẹ́ní. Nígbà tó dá mi mọ̀, tó sì gbọ́ ohun tí Yèyé wí, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Yèyé. Ahunṣọ lèmi náà. Mo fẹ́ kọ́ ọnà yẹn, àmọ́ ijó ò jẹ́ kí ojú mi gbà á tán. Abẹ tí mo fi ń gé òwú wà lọ́wọ́ mi, ni mo bá gé díẹ̀."

Yèyé na ìka sí aṣọ. "Ìlà pupa yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ló dùn jù, Yèyé. Òun ni mo ṣe gé ibẹ̀ nígbà tó yọ síta nínú ijó."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí ó ṣe nu ojú tán, mo rí i tí ẹ̀rín kúrò ní ẹnu rẹ̀. Ó rántí Ràfátù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ká kíjìpá tó lábùkù náà, ó ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mi ò rí Yèyé kó kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i rí, kí ó tó di ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, mo fura sí ọ, mo sì ṣì í. Dárí jì mí." Àǹtí Ràfátù sáré gbé e dìde. Ó gba aṣọ náà, ó wá aṣọ tó bá a mu, ó lẹ igun náà mọ́ ọn, ó rán an. Ìgbà tó já òwú tán ló tó lanu. Ó ní, "Yèyé, èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọnù, ni mo ṣe dì í mú."

Bàbá Sálíù gbọ́, ó yọ́nú, aṣọ alálẹ̀mọ́ yẹn sì ni Fúnmi ró wọ ilé ọkọ.

Ayé ti yí. A ti kúrò lábẹ́ Ìlọrin, eré ọ̀fẹ́ ti di olówó, wọn á so nǹkan mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́ kó o tó wọlé, ẹni tó bá sì fẹ́ ọnà aṣọ rẹ kò nílò abẹ mọ́, fóònù ló máa nà sí ọ láìgbàyè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Fúnmi tó kéré jù pè mí, ó ń lọ síbi eré orin gbangba kan ní Lókójà, kò lọ irú rẹ̀ rí. Mo sọ ti iyán fún un, mo sọ ti bàtà, mo sọ ti igi. Mo ní kó ṣọ́ra fún ẹni tó bá yin aṣọ rẹ̀ jù. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun pọ̀ tí àwọn jọ ń lọ, wọ́n lọ́yàyà, wọ́n yọ̀ mọ́ èèyàn, kí n fọkàn balẹ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní, "Mo gbọ́. Nínú gbogbo wọn, ta ni yóò di aṣọ rẹ mú?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń rò ó.