Ẹni Méjì Lórí Orúkọ Kan

Ẹ bá mi wo obìnrin yìí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ ìṣirò ni. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, ó di Adájọ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un o! Àká kan ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kó ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sí, kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ètò méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà á fi èkejì pa àkọ́kọ́ rẹ́. Òun ló ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, lórí tábìlì ìjẹun, láàárín ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé.

Òfin rẹ̀ ò gùn: kí àwọn méjèèjì tó ni ètò jọ sọ ọ́. Bí wọn ò bá fohùn ṣọ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, orúkọ náà bọ́ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, nítorí àwọn olóríkunkun. Kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kan ilé òun náà.

"Sọfúnmi" lorúkọ tó dìjà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ lò ó. Ojú ìyàwó rẹ̀ ò ríran mọ́, ni bàbá bá kọ ètò tó ń kàwé jáde. Bí ìyá bá ti tẹ "sọfúnmi", kọ̀ǹpútà á máa ka ìròyìn fún un. Àwọn bí ẹgbẹ̀ta tójú tiwọn náà ò ríran ló ń lò ó. Ẹnì kejì ńkọ́? Àbúrò Adájọ́ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an! Ètò tirẹ̀ ń sọ ibi tó ń dun kọ̀ǹpútà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ti gbà á.

"Bàbá yẹn ṣáájú ẹ," Adájọ́ wí fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé 'ẹni tó ṣáájú' wà nínú òfin tí ẹ kọ?"

Kò sí níbẹ̀. Odidi olùkọ́ ìṣirò, ó gbàgbé! Ó fẹ́ gbé ẹjọ́ náà fún ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó gbà á. Ta ló fẹ́ kó sínú ọ̀rọ̀ ẹbí?

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Àbúrò wà nílé Adájọ́ nígbà tí lẹ́tà bàbá wọlé. Adájọ́ kà á sókè.

"Adájọ́ wa, mo yọ̀ǹda orúkọ náà, kó má baà bọ́ mọ́ àwa méjèèjì lọ́wọ́. Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn máa lò ó."

Àbúrò fò sókè. "Mo jàre!"

"Jókòó. Lẹ́tà ò tíì tán."

"Láti ọjọ́ Ajé ni ìyàwó mi ti ń kọ́ orúkọ tuntun tí mo fún ètò wa. Ìka rẹ̀ ṣì ń lọ síbi ti àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló ṣì í tẹ̀ lánàá, ó sì sunkún. Láàárọ̀ yìí, ó rí i tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá wa dúpẹ́."

Omi ti lé ròrò sójú Adájọ́, ṣùgbọ́n ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra kó kọ ìdájọ́, nítorí bàbá ti yọ̀ǹda, òfin sì lòfin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kọ ọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn."

"Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tìẹ wá ńkọ́?"

"Wọ́n á kọ́ òmíràn," ó ní. "Ojú tiwa ríran."