Ẹja Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Jẹ

Ẹja yíyan ni mò ń tà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Iganmu. Ọ̀yìngbò ni mo ti máa ń ra ẹpìyà tútù, lọ́wọ́ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń pẹja nínú ọ̀sà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe la ikùn ẹja àkọ́kọ́ báyìí, òórùn kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ jáde. Ẹrẹ̀ inú ìfun rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sí gọ́tà, ọṣẹ ò sì tètè bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù rí. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni ò mọ ibi tí omi gọ́tà wa ń ṣàn lọ?

Mi ò dà á nù. Mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí, mo wá kó èèpo àgbọn sínú iná kí èéfín lè bo òórùn náà. Ó bò ó. Ẹja yẹn pọ́n, ó wuyì. Àmọ́ mi ò fi ẹyọ kan sínú ọbẹ̀ tiwa. Ẹyin ni mo sè fún ọmọ mi.

Àǹtí tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ra mẹ́rin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, wọ́n fẹ́ máa mu ọbẹ̀ ata gbígbóná kí omi ọmú lè pọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹja mi dùn ju ọkọ àwọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ mú ọmọ mi tó lọ ṣeré lọ́dọ̀ wọn. Mo bá a lórí ẹní, ẹja lọ́wọ́, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu. Mo já a gbà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ò yọ eegun rẹ̀ ni. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì rọra gbé abọ́ wọn kalẹ̀.

"O mọ̀ pé ẹja yìí ò dáa kó o tó tà á fún mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, mà."

Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí bóyá ohun tó wà nínú ẹja náà lè ti ara àwọn wọ inú ọmú. Mi ò mọ̀. Ọmọ wọn ń ké, wọ́n gbé e mọ́yà, wọn ò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n fún un lọ́mú.

Mo jáde lọ kan ilẹ̀kùn gbogbo àwọn tó rà á. Obìnrin ilé kẹta ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti jẹ ẹ́ tán, kí n bá òun mú irú rẹ̀ wá lọ́la.