Sájẹ́ǹtì Tí Wọ́n Pín Ní Ìdí Igi

Ọkùnrin náà gbé páálí kan ka orí tábìlì mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ iye tí mo máa rà á kí òun tó ṣí i. Mo bi í pé ṣé ejò ló wà níbẹ̀ ni. Ó ní rárá o, kọ́míìkì bàbá òun ni. Ó ti rí i lórí fóònù pé òyìnbó kan ta ẹyọ kọ́míìkì kan, owó rẹ̀ kọ́ ilé ńlá, ó tún ṣẹ́ kù. Ó wá rò ó pé bí ẹyọ kan bá lè kọ́ ilé, páálí kan á kọ́ gbogbo Rayfield, àdúgbò àwọn olówó.

Irú wọn pọ̀. Láti ìgbà tí fóònù ti dé ọwọ́ tẹrú tọmọ, kò sí ẹni tó ń kó ìwé àlòkù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bauchi Road, nílùú Jos, tí kò tíì di olówó lójú ọ̀nà.

Ìwé àlòkù ni mò ń tà: ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ yunifásítì, àti kọ́míìkì, ìwé ìtàn aláwòrán, fún àwọn àgbàlagbà tí àárò ìgbà èwe ń sọ. Ọ̀dọ̀ Mallam kan ní Terminus ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá, á gbóòórùn rẹ̀, á wo irin tó di ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, á wá bi ẹni tó gbé e wá pé, "Cikakke ne?" Ṣé ó pé? Bí kò bá pé, bó ti wù kó dán tó, á dá a padà. Lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé, mo ra àpò kọ́míìkì kan tí èèpo wọn ń dán yinrin. Nígbà tó dé, a ṣí wọn, kò sí ojú ìwé àárín kan ṣoṣo. Ẹlẹ́pà kan ti ya gbogbo rẹ̀ fi di ẹ̀pà tà. "Haba, Hajiya," ni Mallam wí, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Mẹ́kà rí, "kin sayi takardar gyaɗa." Ìwé ẹlẹ́pà ni mo rà.

Èmi fúnra mi pín kọ́míìkì sí ọ̀nà mẹ́ta. Òkú ni èyí tí èèpo rẹ̀ ti lọ. Aláìsàn ti ya, ṣùgbọ́n ó pé. Ọmọge ni èyí tó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i rí.

Mo gba páálí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, Táyọ̀ lorúkọ rẹ̀, mo ṣí i. Sájẹ́ǹtì Kòbẹ̀rù ni! Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, ó sì ti di àwátì. Ọmọge ni gbogbo wọn. Dókítà kan sì wà ní Abuja, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos níbí, tó ti ń yọ mí lẹ́nu nítorí Sájẹ́ǹtì yìí ọjọ́ pẹ́. Èyí tó bá pé nìkan ló fẹ́. Ìpín tèmi nínú owó rẹ̀ á san owó ṣọ́ọ̀bù, nítorí onílé ti búra pé bí mi ò bá san ti ọdún yìí, ẹni tó ń ta èèpo fóònù lòun máa gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún mi rárá.

Mo wo nọ́ńbà wọn. Ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkeje. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìsàlẹ̀ páálí.

"Táyọ̀, ìkejì dà?"

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Farin Gada."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ bàbá mi ni wọ́n, Mama."

Bàbá wọn, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì, ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyálé, ìyá Táyọ̀, wà ní Bukuru, ìyàwó wà ní Farin Gada. Nígbà tí bàbá kú, àwọn àgbà ẹbí wá láti ilé, wọ́n ní ìdí igi làwọn á fi pín ogún, kí ilé ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín àga. Nígbà tó kan kọ́míìkì, àgbà kan tí kò ka irú rẹ̀ rí láyé jókòó tì í, ó ń jù ú sílẹ̀ bí ẹni ń pín iṣu: ọ̀kan fún ibí, ọ̀kan fún ọ̀hún. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Sájẹ́ǹtì nìkan ló là sí méjì.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àgbà. Ní ìparí ìkíní, wọ́n ti Sájẹ́ǹtì sínú kànga. Nínú ìkejì ló jáde. Ní ìparí ìkẹta, wọ́n so ó mọ́ ojú irin rélùwéè. Nínú ìkẹrin ló já okùn. Ilé Bukuru ni wọ́n ti ń so ọkùnrin náà, ilé Farin Gada ni wọ́n ti ń tú u. Ilé méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìpín yẹn, nítorí jẹnẹrétọ̀ bàbá, èyí tí àgbà kò rí là.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ bá Bùnmi, àkọ́bí ilé kejì, láàárín àpò pòtétò tó ń tà ní ọjà Farin Gada.

"Kai, Mama! Táyọ̀ ló rán yín? Kó kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ wá!"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, pé mo kàn ní oníbàárà ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mama, ta ló tiẹ̀ tì í sí kànga gan-an? Mo ti gbàgbé, kò sì jẹ́ kí n sùn."

Mo ní kó kó tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé, yóò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún Táyọ̀ pé bó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe jáde, kí òun náà wá. Mo sọ fún oníkálukú pé ẹnì kejì kò ní wá.

Wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà mi, oníkálukú kọjú sí ògiri tirẹ̀. Mo to Sájẹ́ǹtì sílẹ̀ láti ìkíní títí dé òpin. Dókítà tí mo ti ránṣẹ́ pè dé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọ iléèwé. Kò pẹ́ tí ọwọ́ Táyọ̀ fi yọ́ lọ sí ìkejì.

"Ẹ̀hẹ́n! Bẹ́líìtì ló fi gun òkè!"

Bùnmi ti wà nídìí ìkíní. "Ìgbákejì rẹ̀ ló tì í? Ɗan iska, ọmọkọ́mọ! Wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín!"

"Ṣé o rántí bí Baba ṣe máa ń fi ohùn ìmú ka ti ọlọ́ṣà yẹn?"

"Bọ̀dá Táyọ̀, ẹ má pa mí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn débi pé èmi òmùgọ̀ fi owó ara mi ra mínírà fún wọn. Dókítà wá dárúkọ owó rẹ̀, owó tó dára.

Táyọ̀ kò wo Dókítà. Bùnmi ló wò. "O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá. Èyí á ha kọ́ ilé bí? Mama, èló ni tiyín ńbẹ̀?"

Mo ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ wa.

"Ṣé ẹ rí i! Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Bọ̀dá kò ní wá!"

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn! Ẹ fẹ́ yà wá nípá kí ẹ lè rẹ́ wa jẹ!"

Èmi tí mo pa wọ́n pọ̀! Wọ́n pè mí ní olè, wọ́n ń fi "ẹ jọ̀wọ́ mà" sí i. Wọ́n kó gbogbo Sájẹ́ǹtì sínú páálí kan, ní ètò bí mo ṣe tò ó, wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lọ. Dókítà bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ń ṣa ìgò mínírà jọ. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sí Abuja.

Ìdajì ṣọ́ọ̀bù mi ti di ti eléèpo fóònù báyìí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́, ó sì ń bí mi nínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra pòtétò ní Farin Gada. Àwọn ọmọ bíi mélòó kan kó orí jọ nídìí ìsọ̀ Bùnmi, ti ilé Bukuru àti ti ilé Farin Gada, wọ́n ń du ìwé kan wò. Ọmọbìnrin kékeré kan rí mi, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ̀yin ni olè tó fẹ́ ta Sájẹ́ǹtì wa?"

Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Dìde."