Ọkọ Mi Tó Ń Gé Ìparí Orin

Ó-Ku-Díẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọkọ mi, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń kọ́ èèyàn ní dùùrù ní pálọ̀ wa, n kò sì tíì fi ìfọ̀kànbalẹ̀ jẹ oúnjẹ ọ̀sán kan rí. Bó bá da orin kọ tán fún akẹ́kọ̀ọ́, á mú àlùmọ́gàjí, á gé ìlà tó kẹ́yìn kúrò, á jù ú sínú agolo bisikíìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ dùùrù lọ, á dé ibi tí etí ti ń dúró de ìró kan ṣoṣo péré, ibẹ̀ náà ni ìwé á ti tán. Ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kó tó rí ìyókù gbà.

"Orin náà ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ìkejì ṣì wà níta," ló máa ń wí. "Àárò ilé á máa sọ ọ́. Àárò yẹn gan-an ni orin."

Àárò kọ́, orí fífọ́ ni! Èmi tí mò ń lọ aṣọ nínú yàrá kejì, mo ti jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì méjì níbi tí mo ti ń retí ìró tí kò dé.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì dé lọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn. Àwọn dókítà ti ní kó máa gbé e lọ sílé. Ó sọ fún mi pé orin tí òun ń kọ́ lọ́dọ̀ wa lòun ń tẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́, lórí dùùrù kékeré kan. Bí òun bá ti dé ibi tí wọ́n gé, baba á gbé orí sókè.

"Ibo ló wá parí sí?"

"Tíṣà ò tíì fún mi."

"Má jẹ̀ẹ́ kí n lọ kí n tó gbọ́ ọ o."

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ìyá yìí ní ìyókù orin rẹ̀."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ́ ọn."

"Ṣé ikú ń ka ọ̀sẹ̀ ni?"

Ó fa táwẹ̀lì rẹ̀ yọ, ó kọjá lára mi. Olórí kunkun! Bó ṣe wọlé lọ wẹ̀ ni mo ṣí agolo. Ègé ìwé tó wà níbẹ̀ á tó igba, gbogbo wọn sì rí bákan náà lójú mi. Ìyàwó tíṣà dùùrù ni mí, n kò mọ orin kà. Mo mú èyí tó wà lókè pátápátá, mo sì sáré fi í lé Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lẹ́nu géètì bó ṣe ń lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ló padà wá, ó wọ aṣọ dúdú. Ó jókòó sídìí dùùrù, ó tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n gé, ó kó wọnú ìparí orin mìíràn, orin ijó àwọn ọmọdé, gbàgà, gbàgà, gbàgà!

Ọkọ mi fò dìde. "Ta ló fún yín nìyẹn? Ìparí rẹ̀ kọ́ nìyẹn, mà!"

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ wá pa mí."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, Tíṣà," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Ọkọ mi náà mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, 'Gbogbo wàhálà yìí, ibi tó ń lọ nìyẹn?' Ó ní kí n tún un tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló lọ."

Ọkọ mi tú agolo. Ó rí ègé ìwé tòótọ́, ó nà án sí i. Ìyá ò gbà á.

"Ẹ máa fi pamọ́, Tíṣà. Bí mo bá wá mọ ibi tó parí sí, ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún nílé?"