Gbólóhùn Kan Nínú Ìwé Tí Ìyá Mi Fi Ń Di Dòdò

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù nínú epo pupa gbígbóná ló máa ń jí mi láràárọ̀ nílé wa ní Ìkirè. Dòdò ni ìyá mi ń ṣe tà. Kílò-kílò ni wọ́n ń ra ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń di í, èmi ni mo sì ń gé e. Ṣùgbọ́n mi kì í gé ojú ewé kan láì kà á. Ìyá mi á pariwo: "Sìdíkátù, ṣé kí oníbàárà máa dúró dè ọ́ ni?" Etí ikún ni mo máa ń kọ sí i. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà tí mi ò mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà.

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà: "leave no stone unturned." Wọ́n á wá nǹkan náà débi gbogbo, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Ọjà jóná, kọmíṣọ́nnà á sọ ọ́. Wọ́n jí ọkọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá á sọ ọ́. Akọ̀ròyìn á kọ ọ́ sílẹ̀, ìròyìn parí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, àwọn olè kó àwọn àpò kòkó bàbá mi lóko wa lọ́nà Orílẹ̀-Òwu. Gbogbo ìkórè ọdún náà ni, ibẹ̀ sì ni owó iléèwé girama mi wà. Ìwé ìròyìn kan gbé e jáde lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, gbólóhùn yẹn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọlọ́pàá. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Inú wọn dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bàbá mi ò lọ síbì kankan, kí àwọn ọlọ́pàá má baà dé kí wọ́n má bá wọn nílé.

Ó dùn mí wọra. Mo tú gbogbo òkìtì ìwé tó wà lẹ́yìn ààrò, mò ń wá ìròyìn kan ṣoṣo tó padà sọ pé wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá. Mi ò rí i. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi: "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ẹ má dúró dè wọ́n mọ́." Mo rò pé ìfọ́tí ló kàn. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò: "Ẹnu dùn-ún ròfọ́, Bàbá Sìdíkátù."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ní Apòmù. Okùn pupa ni ìyá mi máa ń fi rán ẹnu àpò, lọ́nà tí ẹlòmíràn kì í gbà rán an. Wọ́n bá àpò wa mẹ́ta níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú ẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbà á padà. Alhamdulillah, mo wọ iléèwé.

Lónìí, èmi náà ti di olóòtú ìròyìn, mo sì mọṣẹ́ mi dáadáa. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá gbé gbólóhùn yẹn wá, mo máa ń dá a padà: "Ta lo bi léèrè? Ibo ni wọ́n wá a dé?" Àmọ́ lóṣù tó kọjá, àkókò ti lọ, ọlọ́pàá ò gbé fóònù, mo bá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn ìyá kan ní Ararọ̀mí-Òwu tí olè jí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́.

Àná ni ìyá náà pè mí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́, mo ṣì ń retí àwọn ọlọ́pàá o. Ṣé kí n ṣì máa jókòó?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ó sì kúnlẹ̀ sọ ọ́. Èmi àgbàlagbà, mo ní kí ìyá náà fún wa lọ́jọ́ díẹ̀ sí i.